Pupa méjì, ògiri kan: èwo ni ká mú?

Ìbéèrè: Ọ̀gá, òkun o. Olùkọ́ ni mí, Kábà ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. A fẹ́ kun ògiri kan ní pálọ̀ ní pupa, ìyẹn ògiri tí tẹlifíṣọ̀n wà lára rẹ̀, tó dojú kọ fèrèsé. Ìwọ̀ oòrùn ni fèrèsé náà kọjú sí. Àwọn ògiri mẹ́ta yòókù á jẹ́ kírímù bíi táìlì ilẹ̀. Búráùn ni àwọn àga wa, gílóòbù funfun la sì ń lò. A ti yẹ káàdì àwọ̀ wò títí, ó ku méjì: RAL 3003 àti RAL 3011. Ọkọ mi fẹ́ 3003. Péńtà wa ní ọ̀kan náà ni méjèèjì, ká ṣáà mú èyí tí kò bá wọ́n. Ìyá ọkọ mi ní tiwọn bi wá léèrè pé kí la fẹ́ fi àwọ̀ aṣọ ìpò, aṣọ pupa ìsìnkú àwọn àgbà, ṣe nínú ilé. Mo ya fọ́tò káàdì méjèèjì síbí. Èwo ni ká mú?

Ìdáhùn:

Òkun o, ìyá olùkọ́. Ẹ kú ìnáwó ilé. Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí kí ẹ má baà rò pé mò ń fi ọ̀rọ̀ yí yín po: 3011 ni màá mú. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sanwó. Bí ẹ bá kun 3011 tí ẹ sì fi gílóòbù funfun yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà, kò ní pé oṣù kan tí ẹ ó fi máa bú mi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé fọ́tò yẹn jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo rí i, ó dára, àmọ́ kò wúlò fún ọ̀rọ̀ yìí. Fóònù kì í ya àwọ̀ bó ṣe rí, ó máa ń tún un ṣe kó lè dùn ún wò ni, pupa sì ni ó máa ń bà jẹ́ jù. Nínú fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́, 3011 mọ́lẹ̀ ju 3003 lọ. Lójú korokoro, 3011 ló dúdú jù.

Nọ́ńbà RAL yìí, láti Jámánì ló ti wá. Ọdún 1927 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ 40 péré, kí ẹni tó ń po ọ̀dà àti ẹni tó ń rà á lè fi nọ́ńbà kan ṣoṣo yé ara wọn. 3 tó wà níwájú ń sọ pé ìdílé pupa ni. 3003 ni wọ́n pè ní ruby red, 3011 ni brown red. Nítorí náà péńtà yín kò parọ́ tán: ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí ọmọ ìyá méjì ṣe lè jọra lójú títí tí wàá fi bá wọn gbé.

Pupa kì í dá dúró. Kò sí pupa tí kò ní ibi tó ń yà sí. Òmíràn ń yà lọ sọ́nà elésè àlùkò, òmíràn ń yà lọ sọ́nà ọsàn àti ilẹ̀. Ẹ bu zobo sínú ife funfun, kí ẹ wo etí ife níbi tí omi rẹ̀ ti fẹ́lẹ́. Ẹ ó rí i pé pínńkì ló ń ṣe níbẹ̀, bùlúù díẹ̀ sì fara pamọ́ sínú rẹ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ ni 3003 wà. Ti 3011, ẹ wo ojú ọ̀nà oko tí wọn kò tíì da ọ̀dà sí, nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá tí ilẹ̀ ṣì tutù, tàbí kí ẹ wo èèpo obì pupa tó ti pẹ́ díẹ̀ lọ́jà. Ọ̀nà ibẹ̀ ni tirẹ̀.

Bí ojú yín bá ṣì ń tàn yín, ọ̀nà kan wà tí àwa péńtà fi ń mú un. Ẹ ní kí péńtà yín fi ìka bu díẹ̀ nínú 3003, kí ó pò ó mọ́ ọ̀dà funfun tó pọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ lórí ìdérí agolo. Kí ó ṣe ti 3011 náà lórí ìdérí mìíràn. Àkọ́kọ́ á di pínńkì tútù bí ọṣẹ ìwẹ̀ ọmọdé. Ìkejì á di àwọ̀ kan tó súnmọ́ ìkòkò amọ̀ tuntun. Funfun ti tú àṣírí wọn. Lẹ́yìn èyí, kò sẹ́ni tó tún máa sọ fún yín pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Níbi tí wọ́n ń yà sí yìí ni gbogbo ẹjọ́ wà, nítorí àwọn nǹkan tó wà nínú pálọ̀ yín náà ń yà síbì kan. Àga búráùn, táìsì kírímù, ilẹ̀kùn tí mo mọ̀ pé igi ni: gbogbo wọn ọ̀nà ilẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Bí 3003 bá wọ àárín wọn, òun nìkan ló máa dá yà lọ sọ́tùn-ún. Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé ògiri kọ́ ló máa fara gbá a, àga ni. Àga búráùn tó bá wà níwájú pupa tó ní bùlúù nínú á bẹ̀rẹ̀ sí í rí bí ohun tí ewé ti ta sí, bí ẹni pé kò mọ́. Ẹ ó nu àga náà títí.

Èyí kì í ṣe àbá lásán. Ọ̀gbẹ́ni ará Faransé kan, Chevreul, ni olórí àwọn aláró ní ilé ìhunṣọ Gobelins ní Paris. Àwọn oníbàárà ń mú ẹjọ́ wá pé aró dúdú wọn kò dúdú tó. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé aró náà kò ní àbùkù rárá. Àwọn àwọ̀ tí wọ́n hun sí ẹ̀gbẹ́ dúdú yẹn ló ń sọ ọ́ di ọ̀lẹ. Ní 1839 ló kó gbogbo ohun tó rí nípa rẹ̀ jáde. Àwọn ìyá wa tó ń hun aṣọ ní ilẹ̀ wa níbí mọ nǹkan yìí láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn: ẹ béèrè lọ́wọ́ ahunṣọ èyíkéyìí ní Ògìdì bóyá ó máa ń yan òwú kan láìgbé e lé èyí tó máa bá a gbé. Òun náà ló fà á tí mo fi ń sọ fún yín pé kí ẹ má ṣe to káàdì méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn mọ́. Bí wọ́n bá wà pọ̀, ìjà tiwọn lẹ ń wò. Ẹ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lé orí àga yín, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ó wá ku iná, òun ló sì lágbára jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ní bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, mo kun ògiri pálọ̀ kan ní Mọ̀pà ní pupa tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 3003 yìí gan-an. Abẹ́ iná gígùn inú ṣọ́ọ̀bù la ti yàn án. Ọ̀sán gangan ni mo parí iṣẹ́, onílé ń yọ̀, ó fún mi ní owó ọtí lọ́tọ̀. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni ó pè mí: "Ṣé ẹ̀dọ̀ màlúù lo kùn sí mi lára ògiri ni?" Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo gun ọ̀kadà láti Ìsánlú lọ wò ó. Ògiri ń dán yòò bíi kajú tó pọ́n lórí igi. Mo ní onílé kàn ń wá ọ̀nà àtigba owó rẹ̀ padà ni. Ó ní kí n jókòó di alẹ́. Mo jókòó. Ẹ̀dọ̀ màlúù ni lóòótọ́. Owó ara mi ni mo fi tún un kùn, láti ọjọ́ náà mi ò sì bá ẹnikẹ́ni yan pupa lọ́sàn-án mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé iná kò lè fi pupa hàn bí iná náà fúnra rẹ̀ kò bá ní pupa nínú. Gílóòbù funfun olówó pọ́ọ́kú tó kún ọjà wa, bùlúù ló pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, pupa rẹ̀ kéré gan-an. Ẹ wo ara páálí rẹ̀, ẹ ó rí 6500K (K yìí ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ iná: bó bá ṣe pọ̀ tó ni iná ń lọ sọ́nà bùlúù tó). Èyí tí ẹ fẹ́ ni èyí tí wọ́n kọ 3000K tàbí 2700K sí, tí iná rẹ̀ jọ ti àtùpà. Bí wọ́n bá kọ CRI sí páálí, ìyẹn òṣùwọ̀n bí iná ṣe ń fi àwọ̀ hàn bó ṣe rí gan-an, ẹ wá èyí tó tó 90. Lábẹ́ 6500K, 3003 á di ẹ̀dọ̀, 3011 á di ṣokoléètì. Lábẹ́ 3000K, àwọn méjèèjì á jí, ṣùgbọ́n 3011 ló máa jí jù, torí ọ̀nà ibi tí iná yẹn ń lọ náà ló ń lọ. Gílóòbù mẹ́ta kò wọ́n tó gálọ́ọ̀nù ọ̀dà kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Tí wọ́n bá wá mú iná lọ ńkọ́? Mo bi yín nítorí pé mo mọ ìlú wa. Aago méje alẹ́, oòrùn ti wọ̀, ẹ ò tíì tan jẹnẹrétọ̀, ẹ jókòó sínú ìmọ́lẹ̀ fírífírí. Lásìkò yẹn, nínú gbogbo àwọ̀, pupa ni ojú èèyàn kọ́kọ́ ń pàdánù. Ọkùnrin ọmọ Czech kan tó ń jẹ́ Purkyně ló ṣàkíyèsí rẹ̀ ní 1819, nígbà tó rí i pé òdòdó pupa tó ń dán lọ́sàn-án máa ń dúdú nínú ìmọ́lẹ̀ fírífírí, tí ewé àti àwọn nǹkan bùlúù ṣì ń hàn. Kò sí ọ̀dà tó bọ́ nínú èyí. 3003 àti 3011 á jọ dúdú ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pẹ̀lú yín pé kó jẹ́ ògiri kan ṣoṣo. Mo ti rí ẹni tó kun ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní pupa. Bí iná bá lọ, bíi kéèyàn wà nínú ìkòkò ni.

Oòrùn yín náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Fèrèsé kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ògiri pupa sì dojú kọ fèrèsé, a jẹ́ pé láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn á máa lu ògiri yẹn tààrà. Ẹwà rẹ̀ á yọ lásìkò náà, mi ò ní purọ́: 3011 lábẹ́ oòrùn ìrọ̀lẹ́ dà bíi pé wọ́n dáná sí ẹ̀yìn rẹ̀. Àmọ́ oòrùn kan náà yìí ló ń jẹ ọ̀dà. Pupa tó bá ń dán bíi 3003, àwọn èròjà kẹ́míkà tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́ ni wọ́n fi ń pò ó. Àwọn kan nínú wọn lè fara da oòrùn, ọ̀pọ̀ èyí tó wà nínú ọ̀dà olówó kékeré ò lè fara dà á. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, ẹ sún tẹlifíṣọ̀n sí ẹ̀gbẹ́, ẹ ó rí àpá rẹ̀ lára ògiri: ibi tó bò mọ́lẹ̀ ṣì pọ́n, ìyókù ti ṣá.

3011 kò ní láti rí bẹ́ẹ̀. Pupa tó dúdú, tó jọ ilẹ̀, ìpẹtà irin ni wọ́n lè fi po èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ohun tó sọ ilẹ̀ wa di pupa náà nìyẹn, òun náà sì wà nínú òkúta irin tó wà ní Ìtakpẹ́. Oòrùn ti lu ilẹ̀ yìí láti ọjọ́ tó ti wà, kò ṣá. Ẹ ṣáà bi ẹni tó ń po ọ̀dà yín pé ṣé red oxide, ìyẹn ìpẹtà irin yìí, ló fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ti jèrè.

Èrè kejì tó wà nínú red oxide ni pé ó ń bo ògiri mọ́lẹ̀ dáadáa. Èyí ni ìdáhùn fún péńtà yín tó ní kí ẹ mú èyí tí kò bá wọ́n. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ògiri tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní ìbú, 10 ní gíga, ó tó mítà onígun mẹ́rin 11. Lítà ọ̀dà kan á kun bíi mítà 8 lára ògiri tí wọn kò fá dán púpọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì la máa kun 3011, ìyẹn kò tó lítà 3. Gálọ́ọ̀nù onílítà 4 kan á tó, á tún ṣẹ́kù. Bí ẹ bá kun 3003 sórí funfun, ẹ̀ẹ̀mejì kò ní bò ó, ẹ ó máa rí ojú ipa rólà níbi gbogbo. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni, ìgbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ ti wọ gálọ́ọ̀nù kejì nìyẹn. Èyí tó wọ́n lórí àtẹ lè má wọ́n lára ògiri.

Bí ọkọ yín bá wá dúró lórí 3003 ńkọ́? Bàálé ló ń sọ̀rọ̀, mi ò lè dá sí i jù. Kì í ṣe àwọ̀ burúkú. Bí àga yín bá jẹ́ dúdú tàbí aláwọ̀ eérú, tí fèrèsé sì kọjú sí àríwá, èmi fúnra mi ni mo máa bá yín mú un. Bó bá jẹ́ òun lẹ mú, kí péńtà kọ́kọ́ fi ọ̀dà aláwọ̀ eérú ṣe abẹ́ rẹ̀ dípò funfun. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, àmọ́ eérú ń jẹ́ kí pupa tètè bò, ó sì ń fún un ní ìjìnlẹ̀. Kí ẹ sì mọ̀ pé ògiri ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ni. Bí pupa tó ń dán bá yí tẹlifíṣọ̀n ká, ojú á máa wá ìdàkejì rẹ̀, àwọn tó ń ka ìròyìn á wá máa rí bí ẹni tí ibà ń ṣe. 3011 kì í ṣe èyí tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín wá ni mo fẹ́ fi sùúrù mú. Ìyá kò sọ̀rọ̀ òfo. Aṣọ ìpò tí àwọn ará Bùnú ń hun, pupa ni, ìsìnkú àwọn àgbà àti àwọn olóyè ni a mọ̀ ọ́n mọ́, eégún náà ń lò ó. Ẹni tó dàgbà láàárín nǹkan wọ̀nyí kò ní wo pupa lára ògiri kó má rántí. Ẹ lè ní aṣọ ọlá ni, kì í ṣe aṣọ ẹkún, òótọ́ sì ni, nítorí kì í ṣe òkú gbogbo ni wọ́n ń nà án fún. Ṣùgbọ́n èmi kò ní bá ìyá jiyàn. Pátákó 3011 tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí ni màá gbé síwájú wọn ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, màá dákẹ́. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n sọ pé ó jọ ara ilé alámọ̀ tí àwọn bàbá wọn kọ́. Mo ti rí i kó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ wá pátákó pẹlẹbẹ méjì, ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 2. Ẹ ra agolo tó kéré jù lọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí péńtà kun pátákó kan ní 3003, ìkejì ní 3011, lẹ́ẹ̀mejì-mejì, kí ó gbẹ di ọjọ́ kejì, torí emulsion máa ń dúdú sí i bó bá gbẹ. Ẹ má kùn ún sí ara ògiri fúnra rẹ̀: funfun tó yí i ká á tàn yín jẹ. Ẹ gbé pátákó kan ti ògiri tẹlifíṣọ̀n lónìí, ìkejì lọ́la. Ẹ wò ó láàárọ̀, ẹ wò ó ní aago márùn-ún, ẹ wò ó nígbà tí kò sí iná, ẹ wá wò ó lábẹ́ gílóòbù 3000K tí ẹ ti ní kí wọ́n fi sí i. Wákàtí tí ẹ fi ń jókòó ní pálọ̀ jù ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, alẹ́ ni, àbí?

Ẹ mú sátìn, ọ̀dà tó ń dán díẹ̀, ẹ má mú gílọ́ọ̀sì tó ń dán yanran. Gílọ́ọ̀sì á máa dá oòrùn ìrọ̀lẹ́ padà sójú yín, á sì fi gbogbo wíwọ́ ògiri hàn. Ọ̀dà tí kò dán rárá náà kò dára fún pupa, torí eruku ọyẹ́ á jókòó lé e, bí ẹ bá sì fi aṣọ nù ún, ojú ipa ìnu á hàn funfun-funfun. Ibi tí mo tún ti fẹ́ kí ẹ le díẹ̀ ni òjé, májèlé tí òyìnbó ń pè ní lead, pàápàá bí ọmọdé bá wà nílé. Àtijọ́, òjé wà lára ohun tí wọ́n fi ń mú kí pupa àti yẹ́lò dán. Òfin NAFDAC ti 2021 kò gbà kí òjé inú ọ̀dà ju ìdá 90 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Ẹ ra ọ̀dà tó ní orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é lára, ẹ fi èyí tí wọ́n pò sínú rọ́bà tí kò ní àkọlé sílẹ̀, bó ti wù kó pọ́n tó.

Bí ẹ bá ti mú un, kí wọ́n po gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Pupa tí wọ́n pò lọ́jọ́ Mọ́ńdè kì í sábà bá ti Fúráídè mu, bó tiẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà kan náà. Ẹ bu ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù sínú ìgò tó ní ìdérí, ẹ kọ 3011 àti ọjọ́ tí ẹ rà á sí i lára, ẹ gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ kan á fi kẹ̀kẹ́ họ ògiri yẹn kí ọdún tó parí.